Minecraft méjì lórí kọ̀ǹpútà kan: Game Directory tàbí Prism Launcher?

Ẹ̀gbọ́n ń gbá ẹ̀dà Minecraft 1.20.1 pẹ̀lú Forge, àbúrò ń gbá 1.21 pẹ̀lú Fabric (Forge àti Fabric ló ń gbé mods, ìyẹn àfikún géèmù, ṣiṣẹ́), kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló wà nílé wọn ní Ṣàgámù. Bí mods wọn bá dà pọ̀ sínú fódà kan, géèmù lè má ṣí.

Nínú launcher Minecraft fúnra rẹ̀ (ètò tí a fi ń ṣí géèmù), ẹ wọ Installations, ẹ tẹ Edit, kí ẹ yí Game Directory sí fódà tuntun. Mods, saves (àwọn ayé tí ẹ ti kọ́) àti config (ètò tí ẹ yàn) á máa gbébẹ̀. Kò gba ohun èlò mìíràn. Àmọ́ ẹni tó bá gbàgbé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, inú .minecraft, fódà tí géèmù ń lò bí a ò bá yan òmíràn, ló tún balẹ̀ sí. Bó bá wá ṣí ayé tó fi mods kọ́ láìsí àwọn mods náà, àwọn búlọ́ọ̀kù wọn lè pòórá pátápátá! Ẹ da saves kọ ná.

Prism Launcher, launcher mìíràn fún Minecraft, ń dá fódà sílẹ̀ fún instance (ẹ̀dà géèmù) kọ̀ọ̀kan fúnra rẹ̀, ẹ sì lè fún 1.20.1 ní Java 17 (Java ni ètò tí géèmù ń ṣiṣẹ́ lé lórí), kí 1.21 gba Java 21. Fún ilé tí ọmọ pọ̀ sí, Prism ni kí ẹ mú.