Sent Anthony àbí Sent Jude?

Ẹ̀yin ará Àgùdà tó ń bèèrè ẹni mímọ́ tẹ́ ẹ máa sún mọ́, ẹ gbọ́ tèmi. Sent Anthony, ọmọ Lisbon ní Portugal ni, ìtòsí Padua ní Italy ló kú sí ní 1231, kò tiẹ̀ tíì pé ọdún kan tí póòpù fi kéde ẹ̀ ní ẹni mímọ́, òun la máa ń ké sí tí nǹkan bá sọnù, kọ́kọ́rọ́ o, ìwé o, ọjọ́ Tuesday làwọn èèyàn sì máa ń gbàdúrà sí i jù. Sent Jude ní tiẹ̀, àpọ́sítélì Jésù gangan ni, ọ̀rọ̀ tó ti sú gbogbo ayé lèèyàn ń gbé lọ bá a. Òun ni mo fẹ́ràn jù, torí ó máa ń rọrùn fún mi láti sunkún níwájú ẹ̀. Wọn ò kúkú bára wọn díje o, Ọlọ́run kan náà ni wọ́n ń bá wa bẹ̀. Tó o bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Jude, October 28 lọjọ́ ẹ̀, bẹ̀rẹ̀ nòfénà, ìyẹn àdúrà ọlọ́jọ́ mẹ́sàn-án, ní October 19.