Wáyà fàdákà 999 tí mo ń rà ní Hatton Garden

Èèkù ìrùkẹ̀rẹ̀ àti ọ̀pá olóyè ni mò ń gbẹ́ ní Lọ́ndọ́nù níbí, fàdákà ni mo sì fi ń ṣọnà sí wọn lára. Àwọn tó ń lọ gba oyè nílé ló pọ̀ jù nínú àwọn oníbàárà mi, wọn kì í sì í gbójú fo àbùkù, bó ti wù kó kéré tó. Nítorí náà, tí mo bá ní wáyà kan dára, ohun tí mo ń wò nìyí: ṣé yóò jókòó sínú igi, ṣé kò ní dójú tì mí lọ́jọ́ ìwúyè?

Hatton Garden, àdúgbò àwọn oníwúrà àti onídáyámọ́ǹdì, ni ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń rà á wà. Bíi tiwọn pọ̀ níbẹ̀. Aago lẹ máa tẹ̀ kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn, wọn ò sì lọ́rọ̀ púpọ̀ lẹ́nu. Gíráàmù ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, iye tí fàdákà bá ń lọ lọ́jà lọ́jọ́ náà ni wọ́n fi ń ṣírò. Ká ní mítà kan péré lẹ fẹ́, wọn ò ní fajú ro sí yín. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé wọn kì í ṣí lọ́jọ́ Sátidé, ìgbà tí ọwọ́ èèyàn dilẹ̀ gan-an.

Oríṣi méjì ni wọ́n máa gbé síwájú yín. 999 ni ojúlówó tí kò lábùlà. 925 ni wọ́n ń pè ní sterling: nínú ìdá 1,000, 925 ni fàdákà, bàbà ló sì sábà máa ń jẹ́ 75 tó kù. Bàbà yẹn ló ń mú kí òrùka àti ṣéènì lágbára, n ò bá a jà. Àmọ́ nínú igi, wàhálà ni. Tí mo bá tẹ 925 tẹ̀ lé ìlà tó lọ́ bí ìkarahun ìgbín, bí mo bá ti jọ̀wọ́ rẹ̀ báyìí, á ta padà. 999 kì í ta. Ibi tí mo bá tẹ̀ ẹ́ sí ló ń gbé.

Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ yìí lè rò pé kòtò là ń gbẹ́ sínú igi. Rárá o. Ṣísẹ́lì tẹ́ẹ́rẹ́ ni mo fi ń gún un kí ojú rẹ̀ lè là, láìjẹ́ pé ẹ̀ẹ́rún kankan kúrò níbẹ̀. Wáyà pẹlẹbẹ ni mo máa ń kì bọ ojú yẹn ní ìdúró, kí etí rẹ̀ kan yọ díẹ̀ lókè. Mo ti fi fáìlì irin ha ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì kó lè rí nǹkan dì mú. Òòlù kékeré ló ń gbé e wọlé. Lẹ́yìn náà ni mo máa fi omi pa á lójú. Igi á wú, á sì fún un mọ́ra. Èyí tó yọ lókè ni mo máa fá dọ́gba pẹ̀lú igi.

Wọ́n kọ ọ́ sára páálí rẹ̀ pé rírọ̀ ni. Òótọ́ ni, títí ẹ ó fi fọwọ́ kàn án. Róbótó 0.8 mm ni mo ń rà, ẹ̀rọ ni mo sì fi ń tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi ku 0.3 mm. Fàdákà tí a bá tẹ̀, tí a fà tàbí tí a lù, ṣe ló ń le sí i, àfi ká dá a padà sínú iná. Mo máa ń ká a jọ, mo máa gbé e lé bíríkì ààrò, mo sì máa pa iná yàrá. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ló máa ń di tọ́ọ̀ṣì gáàsì mú, iná tó fẹjú, kì í ṣe èyí tó ṣe ṣóńṣó.

“Ọ̀gá, kò tíì pupa o.”

“Ta ló ní kó pupa? Ibi tó o fi máákà fà ni kó o máa wò.”

Ìlà máákà dúdú yẹn ló ń sọ fún wa. Tó bá ti parẹ́, 999 ti rọ̀, ká gbéná kúrò. 925 ló yẹ kó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ nínú òkùnkùn. 961°C ni fàdákà tó ń yọ́, ṣùgbọ́n wáyà tó tín-ín-rín báyìí kì í pẹ́ débẹ̀. Ẹ ṣẹ́jú pẹ́, ó ti di hóró. A máa ń rì í bọmi lẹ́yìn náà. Kò dà bí irin àdá tí omi ń mú le; rírọ̀ rẹ̀ kò ní yí padà. Funfun ló sì ń jáde. 925 ní tiẹ̀ á ti dúdú nítorí bàbà inú rẹ̀, ẹ ó wá máa wá ọsàn wẹ́wẹ́ kiri láti fi fọ̀ ọ́.

Ẹ ṣọ́ra fún ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹnì kan tà á fún mi ní ẹ̀dínwó, “wáyà fàdákà” ló kọ síbẹ̀. Mo gé etí rẹ̀, mo fi fáìlì ha á, àárín rẹ̀ pọ́n wẹ̀ẹ̀: bàbà tí wọ́n fi fàdákà bò ni. Wọn ò dá owó mi padà. German silver tiẹ̀ tún burú ju ìyẹn lọ, kò sí fàdákà nínú rẹ̀ rárá. Bàbà, nickel àti zinc ni.

999 náà ní àléébù. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ eyín fáìlì, ẹ fi ẹfun kun fáìlì yín kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Tó bá sì jẹ́ igi funfun lẹ ń lò, ìyẹ̀fun rẹ̀ á sọ ojú igi di eléérú. Fún ìdí ọ̀pá tó ń gbá ilẹ̀, 925 ni kẹ́ ẹ lò, torí 999 á tètè họ.

Àwọn kan máa ń béèrè wúrà. Ti 24 karat rọ̀ dáadáa, ó sì ń wọgi bíi 999, ṣùgbọ́n wúrà wúwo: gígùn kan náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì fàdákà lórí ìwọ̀n, ká má tíì dé orí iye tí gíráàmù kan ń lọ. Olóyè kan pè mí láàárọ̀ pé wúrà lòun fẹ́ lára ìrùkẹ̀rẹ̀ òun. Mo ṣírò rẹ̀ fún un. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, “Fàdákà náà ṣáà ń dán, àbí?”