Orí íntánẹ́ẹ̀tì àbí ọ́fíìsì?

Òṣìṣẹ́ yunifásítì n'Íbàdàn lè bójú tó ọ̀ràn iṣẹ́ rẹ̀, bí owó, ìdálẹ́kọ̀ọ́ àti ìsinmi, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì lè gbé fáìlì lọ sí ọ́fíìsì.

Tó bá kan owó, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo fara mọ́. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ọdún 2014 ní kí òṣìṣẹ́ dá ìdá 8 nínú 100 owó oṣù rẹ̀, kí agbanisíṣẹ́ dá 10, ó kéré tán. Ẹ ṣí ìwé owó oṣù yín lórí fóònù, ẹ wo iye tí wọ́n yọ, kí ẹ fi wé ohun tó wọ àkáǹtì ìfẹ̀yìntì yín. Bó bá dín, oṣù yẹn gan-an lẹ ó ti mọ̀.

Ìdálẹ́kọ̀ọ́ ńkọ́? Ẹ fẹsẹ̀ ara yín lọ. Ọ̀gá ẹ̀ka ní láti buwọ́ lu ìwé tí ẹ fi tọrọ rẹ̀, ọ̀pọ̀ ìbéèrè ló sì nílò àlàyé ojúkojú. Ti ìsinmi ò le. Èyí tó bá yá yín ni kí ẹ lò.