Ta Ni Ká Gbé Ọgbà Ilé Fún l'Abuja? Onífúláwà, Gádínà àti Ilé-iṣẹ́ Ńlá Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ara Wọn

Oṣù Kẹwàá ni mo gbin igi masquerade, igi gíga tóóró yẹn, méjìlá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ilé mi ní Kubwa. Òjò ìparí ọdún ṣì ń ṣẹ́ díẹ̀díẹ̀, ewé ń dán, ọkùnrin tó gbìn wọ́n gba owó rẹ̀ pé, ó sì ṣàdúrà fún mi. Nígbà tó fi máa di oṣù Kejì, mẹ́sàn-án ti gbẹ bí igi ìdáná. Mo pè é lórí fóònù. Ó ní ẹ̀ẹ̀rùn ni, kí n ṣe sùúrù, pé tí òjò bá dé òun máa kó òmíràn wá. Pẹ̀lú owó tuntun o.

Láti ìgbà yẹn, ìbéèrè kan ni mo fi ń wọn ẹnikẹ́ni tó bá ní òun fẹ́ ṣe ọgbà fún mi: ní oṣù Kejì, ọwọ́ ta ni ọgbà yìí máa wà? Iye tó pè àti àwòrán tó wà lórí fóònù rẹ̀, ẹ̀yìn ìbéèrè yìí ni wọ́n ń tò. L'Abuja, nǹkan bí oṣù Kẹrin ni òjò máa ń bẹ̀rẹ̀, oṣù Kẹwàá ló sì máa ń dáwọ́ dúró. Gbogbo oṣù tó kù, oòrùn àti ọyẹ́ ló ni ín. Àwa tá a ti Ìbàdàn tàbí Òṣogbo wá máa ń gbàgbé èyí, torí lọ́hùn-ún, ohun téèyàn jù sẹ́yìnkùlé lásán náà ń hù.

Onífúláwà ẹ̀bá títì

Ọ̀dọ̀ wọn ni ọ̀pọ̀ wa ti ń bẹ̀rẹ̀. Ixora, yellow bush, bougainvillea, royal palm, gbogbo ẹ̀ tò nínú ọ̀rá dúdú létí títì. Ẹ máa fojú ara yín rí ohun tẹ́ ẹ fẹ́ rà, ẹ lè ná an, iye tiwọn ló sì sábà máa ń rẹlẹ̀ jù. Ẹ má fojú kéré ìmọ̀ wọn. Ọ̀kan nínú wọn, tí kò kàwé rárá, ló wo ixora mi tí ewé rẹ̀ ti di àwọ̀ ìyeyè, tó ní sìmẹ́ǹtì táwọn bíríkìlà dà sílẹ̀ nígbà ìkọ́lé ló ń bá a jà. Òótọ́ ló sọ. Ixora kì í fẹ́ ilẹ̀ tí sìmẹ́ǹtì ti wọ̀: ewé á pọ́n, iṣan inú rẹ̀ nìkan ló máa ṣẹ́kù tútù.

Àmọ́ títà ni iṣẹ́ wọn. Bí ewéko tẹ́ ẹ rà bá ṣe pọ̀ tó ni èrè ṣe pọ̀ tó, nítorí náà wọn ò ní sọ fún yín pé méje tó níbi tí wọ́n ti lè ta ogún. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ní kó tú ọ̀rá ọ̀kan. Bí iyẹ̀pẹ̀ bá já bọ́ kúrò lára gbòǹgbò lẹ́ẹ̀kan náà, àná-àná ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ hú u sínú ọ̀rá. Bí gbòǹgbò bá sì ti lọ́ mọ́ra yíká bí ìfun, ó ti pẹ́ jù níbẹ̀. Ẹ̀yí tí gbòǹgbò rẹ̀ kàn di iyẹ̀pẹ̀ mú dáadáa ni kẹ́ ẹ gbé.

Nǹkan mìíràn tún ni pé ilẹ̀ tí wọ́n pàtẹ sí kì í sábà jẹ́ tiwọn. Ìjọba lè ní kí wọ́n kó kúrò lọ́la, kẹ́ ẹ wá wọn títí. Ẹ gba nọ́ńbà, kẹ́ ẹ sì mọ ibi tí ẹni náà ń gbé.

Gádínà olóṣooṣù

Èmi fẹ́ràn tiwọn jù, mi ò fi bò. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe é níbí jẹ́ ọmọ Hausa, àwọn kan sì ti ṣiṣẹ́ oko fàdámà nílé, níbi tí wọ́n ti ń fa omi sí ewébẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Lambu ni wọ́n ń pe irú ọgbà bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó ń kọ́ wọn bí ilẹ̀ ṣe ń mumi. Àwọn kan tún wà tó jẹ́ pé cin rani ló gbé wọn wá sílùú, ìyẹn ni pé ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n fi ń wá owó, tí òjò bá sì ti rọ̀ wọ́n á padà sóko. Ẹ wo bó ṣe bọ́ sí i: ìgbà tí ọgbà yín nílò ènìyàn jù gan-an ló wà lárọ̀ọ́wọ́tó.

Ibi tí wọ́n kù sí ni ètò. Ẹ má ní kí gádínà pinnu ibi tí igi máa dúró sí, àyàfi tẹ́ ẹ bá fẹ́ bá igi ọ̀pọ̀tọ́ lórí sókàwé. Bákan náà, ọ̀pọ̀ wọn ò lè rí ewéko kan kí wọ́n má gé e rọ̀bọ̀tọ̀ bíi bọ́ọ̀lù.

Ilé-iṣẹ́ ọgbà, àti ayàwòrán

Ilé-iṣẹ́ tó dáńtọ́ máa ṣe ohun tí àwọn méjì tó kù ò lè ṣe: ọ̀nà omi, íńtálọ́ọ̀kì, páìpù tó ń fọ́n omi fúnra rẹ̀, iná alẹ́. Ẹni tó bá mọ Lugbe tàbí Lokogoma nígbà òjò mọ ohun tí àgbàrá lè ṣe. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá wọ àgbàlá yín tí kò béèrè ibi tí omi ń gbà wọlé àti ibi tó ń gbà jáde, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kẹ́ ẹ sin wọ́n dé géètì.

Àwọn kan ò ju àwòrán orí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ. Onífúláwà ẹ̀bá títì kan náà ni wọ́n máa lọ rà lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọ́n á gbówó lé e. Ẹ ní kí wọ́n mú yín lọ wo ọgbà tí wọ́n ṣe ní ọdún méjì sẹ́yìn. Ọgbà gbogbo ló ń dára lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé e kalẹ̀. Bí ọ̀gá wọn bá ní òun kẹ́kọ̀ọ́ ọ̀gbìn ní FUNAAB, yunifásítì ọ̀gbìn l'Abẹ́òkúta, tàbí pé òun ti ṣiṣẹ́ rí ní NIHORT, ilé ìwádìí ọ̀gbìn èso àti ewébẹ̀ ní Ìbàdàn, ó dára, ṣùgbọ́n ẹ béèrè orúkọ ọmọ iṣẹ́ tó máa wá bomi rin ín.

Ayàwòrán ọgbà (landscape architect) tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ SLAN, ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán ọgbà ní Nàìjíríà, wà fún ilẹ̀ tó tóbi tàbí tó dagẹ̀rẹ̀. Fún ojúlé kékeré inú ẹ́sítéètì, owó rẹ̀ lè ju owó ọgbà gan-an lọ.

Bílì méjì lórí tábìlì

Ká ní ẹni méjì mú bílì wá fún iwájú ilé kan náà, mítà 10 lóòró, mítà 10 níbùú, tí ti èkíní sì jẹ́ ìdajì ti èkejì. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín.

Ẹ kọ́kọ́ wo bí wọ́n ṣe fẹ́ gbin koríko. Ẹni tó fẹ́ já a ní ìdì kéékèèké, kó máa fi àlàfo sí i kó lè tàn fúnra rẹ̀, kò ní ra àpò púpọ̀. Ẹni tó fẹ́ tẹ́ ẹ bí ẹní láti ọjọ́ kìíní máa rà ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Èkíní kì í ṣe olè, tó bá jẹ́ oṣù Karùn-ún ló fẹ́ gbìn ín, kí òjò bá a tọ́ ọ. Ní oṣù Kọkànlá, owó yín ló fẹ́ sin.

Lẹ́yìn náà, iyẹ̀pẹ̀. Yangí ni wọ́n fi kún ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ilé wa kí wọ́n tó kọ́ ọ, àfọ́kù búlọ́ọ̀kù sì wà nísàlẹ̀. Bí iyẹ̀pẹ̀ dúdú bá máa nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 10 lórí ilẹ̀ yẹn, kúbíìkì mítà 10 ló máa gbà. Bílì tó kàn kọ "iyẹ̀pẹ̀" láìsọ iye típà àti bí típà náà ṣe tóbi tó, ẹ dá a padà. Koríko tí wọ́n bá tẹ́ sórí yangí máa tutù títí owó fi wọ àpò ẹni tó tẹ́ ẹ.

Irú koríko wá ńkọ́? Kápẹ́ẹ̀tì gíráàsì, eléwé fífẹ̀, fẹ́ràn ibòji àti ilẹ̀ tútù. Abẹ́ mángòrò ni ibi tirẹ̀. Bahama, eléwé tín-ín-rín, ń fara da oòrùn àti ọ̀dá, àmọ́ kò fẹ́ ibòji, ó sì máa ń yọ́ wọ inú òdòdó. Ẹni tó bá kọ kápẹ́ẹ̀tì gíráàsì fún ibi tí oòrùn ń jó láti àárọ̀ dalẹ́, kò bi yín nípa omi.

Omi sì ni bílì tí ẹnikẹ́ni kì í kọ. Láti fi omi tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà kan bo mítà 10 níbùú lóòró yẹn, lítà 1000 ni, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 ní ogójì. Bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ọgọ́rin kẹ́ẹ̀gì. Ẹ pe mẹ́rúwà (alómi) àdúgbò yín kẹ́ ẹ bi í ní iye tó ń tà á. Bí àyà yín bá já, ẹ dín koríko kù, ẹ fi òkúta wẹ́wẹ́ dípò apá kan, kẹ́ ẹ sì gbin bougainvillea, tó jẹ́ pé tó bá ti fìdí múlẹ̀ tán, kì í bẹ̀bẹ̀ omi.

Àwọn àgbà ní bí ojú bá yẹ ojú, kí ohùn má yẹ̀ ohùn. Ìwé ni kò ní jẹ́ kí ohùn yẹ̀ níbí: ewéko tó bá kú kí oṣù mẹ́ta tó pé, ta ló máa rọ́pò ẹ̀? Ẹ di nǹkan mú nínú owó títí oṣù mẹ́ta náà fi pé. Ẹni tó bá kọ̀ jálẹ̀ ti sọ fún yín bí igi rẹ̀ ṣe máa pẹ́ tó. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tan yín láti ṣe íńtálọ́ọ̀kì àti òdòdó síta ògiri láìgba àṣẹ. Ìjọba ló ni ibẹ̀, àwọn Development Control, ẹ̀ka ìjọba tó ń wó ohun tí kò gba àṣẹ, kì í sì í ṣàánú ixora.

Èwo ni kẹ́ ẹ mú?

Bí ẹ bá ń gbé ilé àyágbé, gádínà àti ìkòkò òdòdó mélòó kan ti tó. Ẹ máa rí nǹkan kó lọ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ń kó. Bí ilé bá jẹ́ tiyín tí àgbàrá sì ń yọ yín lẹ́nu, ilé-iṣẹ́ ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kódà bó bá jẹ́ ọ̀nà omi nìkan ni owó yín ká. Èmi pín tèmi sí mẹ́ta: ilé-iṣẹ́ kan ṣe ọ̀nà omi, mo ra ewéko lẹ́bàá títì ní oṣù Karùn-ún, gádínà sì gbìn ín lójú mi. Masquerade mẹ́ta tó ṣẹ́kù ṣì wà lórí ìdúró, bougainvillea ló dí àlàfo àwọn tó kú.

Gádínà yẹn bá mi la ẹ̀ẹ̀rùn kan já, igi kan ò kú. Nígbà tí òjò kejì ọdún tó tẹ̀lé e rọ̀, ó dágbére pé òun ń lọ gbin ọkà bàbà nílé. Koríko ti dé orúnkún kí n tó rí ẹlòmíràn.