Náírà tàbí CFA?
Ìdírókò ní ibodè Nàìjíríà kò jìnnà sí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní orílẹ̀-èdè Benin, àmọ́ ìwà owó wọn yàtọ̀. Láti ọdún 1999 ni wọ́n ti so CFA tí Benin ń ná mọ́ yúrò: CFA 655.957 sí yúrò kan, ọjà ì báà dùn, ì báà korò. Náírà ńkọ́? Báńkì àpapọ̀ tú u sílẹ̀ ní oṣù kẹfà 2023, kí ọjà máa sọ iye rẹ̀. Dọ́là tó wà ní nǹkan bíi ₦460 kọjá ₦1,500 ní 2024. Wọ́n wá gbé èlé dé 27.5%, kí náírà lè wu àwọn olówó í tọ́jú. Ẹni tó ń yá owó ṣòwò ló fara gbá a. CFA ló fọkàn ẹni balẹ̀ jù lójú tèmi, àmọ́ ní oṣù kìíní 1994, ọjọ́ kan péré ni wọ́n fi gé iye rẹ̀ sí ìdajì.