N4, FAST tàbí SPM12: èwo nínú sọ́fítíwià mẹ́ta yìí ni kí ẹ fi tún àwòrán MRI ọpọlọ tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò dọ́gba ṣe?

Nínú ọ̀pọ̀ àwòrán MRI ọpọlọ, ẹ̀gbẹ́ tó sún mọ́ kọ́ìlì (ohun tó ń gba àmì láti orí aláìsàn) máa ń mọ́lẹ̀ gan-an, àárín á sì ṣú. Dókítà lè gbójú fò ó. Kọ̀ǹpútà tó fẹ́ ya white matter kúrò lára grey matter, ìyẹn oríṣi ẹran ara ọpọlọ méjì, kò lè ṣe bẹ́ẹ̀: ṣíṣú yẹn ló máa kà sí ẹran ara tó yàtọ̀.

Bí ẹ kò bá tíì ra ẹ̀rọ MRI, ọ̀dọ̀ olùtajà ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Siemens ní Prescan Normalize, GE ní PURE, Philips ní CLEAR. Wọ́n máa ń kọ́kọ́ ya àwòrán kúkúrú kan láti mọ bí kọ́ìlì ṣe ń gba àmì. Ẹ bèèrè bóyá ó wà nínú owó tí wọ́n dá lé ẹ̀rọ. Síbẹ̀, láti 3T (tesla mẹ́ta, ìwọ̀n agbára mágínẹ́ẹ̀tì ẹ̀rọ) lọ sókè, ìgbì rédíò fúnra rẹ̀ kì í dé gbogbo orí bákan náà, nítorí náà ẹ ṣì máa nílò sọ́fítíwià.

N4 ni èmi máa kọ́kọ́ mú. Tustison àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé e jáde ní 2010 láti fi ṣàtúnṣe N3, ọ̀nà tó ṣáájú rẹ̀, tó ti wà láti 1998. Ọ̀fẹ́ ni nínú àwọn sọ́fítíwià bí ANTs, SimpleITK àti 3D Slicer, ilé iṣẹ́ tó ń wá èrè náà sì lè lò ó. Bó bá ń falẹ̀, ẹ fi shrink factor 4 sí i, kó lè fi àwòrán tí a ti sọ di kékeré ṣírò. Díẹ̀díẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ yìí máa ń yí padà, kò sí ohun gidi tí ẹ máa pàdánù.

FAST, tó wà nínú FSL, àkójọ sọ́fítíwià ọpọlọ ti Oxford, ń ya ẹran ara sọ́tọ̀, ó sì ń tún ìmọ́lẹ̀ ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ agbárí kúrò. Bí ìyẹn bá gé ọpọlọ mọ́ ọn, àṣìṣe náà á bá a lọ. Ọ̀fẹ́ rẹ̀ kò kan iṣẹ́ ajé: ilé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ra láìsẹnsì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ìyẹn kí ẹ tó kọ́ ọjà yín lé e lórí.

SPM12 ti London jẹ́ ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n MATLAB, sọ́fítíwià tó ń gbé e ṣiṣẹ́, kì í ṣe ọ̀fẹ́, àfi bí ẹ bá lo ẹ̀dà SPM12 tó ń dá ṣiṣẹ́ láìsí MATLAB. Ó gbára lé máàpù ọpọlọ tó dá ṣáṣá, nítorí náà kókó ńlá inú ọpọlọ (tumour) lè ṣì í lọ́nà.

N4 náà ní ewu tirẹ̀ níbẹ̀. Lórí FLAIR, irú àwòrán MRI kan tó ń mú kí ibi tó wú mọ́lẹ̀, ó lè dín ìmọ́lẹ̀ ibi tó wú yíká kókó kù, ìyẹn gan-an lohun tí dókítà ń wá. Ẹ tọ́jú àwòrán àkọ́kọ́, kí ẹ sì fi òun àti èyí tí ẹ ti tún ṣe wéra lórí àwọn aláìsàn tiyín, kì í ṣe lórí àpẹẹrẹ olùtajà.