Ṣọ́ọ̀bù kan ní Agbowó tí wọ́n ti ń fetí sí háàdì dísìkì kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án

Ìró kan ló gbé mi dé ṣọ́ọ̀bù yìí. Háàdì dísìkì alágbèéká mi, tí mo kó oríkì àwọn agbo ilé Ìbàdàn tí mo ti ń gbà sílẹ̀ láti ọdún 2015 sí, ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í dún "kọ́, kọ́, kọ́" lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀, kọ̀ǹpútà kò sì rí i mọ́. Àwọn àgbà ní bí etí kò bá gbọ́ yìnkìn, inú kì í bàjẹ́. Etí tèmi gbọ́, inú mi sì bàjẹ́ gidigidi, nítorí pé méjì nínú àwọn ìyá tó ki oríkì náà fún mi ti re ìwàlẹ̀ àsà.

Níbi tí mo kọ́kọ́ gbé e lọ, tí n kò ní dárúkọ, ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ mì ín jìgìjìgì, ó fà á yọ, ó tún kì í bọ kọ̀ǹpútà bí ìgbà mẹ́wàá, ó wá ní kí n jẹ́ kí òun fọ́ọ́máàtì rẹ̀, ìyẹn ni pé kí òun pa ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo bá tèmi lọ.

Ṣọ́ọ̀bù tí mo ń sọ yìí wà ní òdìkejì Yunifásítì Ìbàdàn, láàárín àwọn tó ń tẹ iṣẹ́ àṣekágbá fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀gá ibẹ̀ kò tíì so dísìkì náà mọ́ ohunkóhun tí ó fi bi mí pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ó ṣubú ni? Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ti tàn án láti ìgbà tó ti ń dún báyìí?" Lẹ́yìn náà ló pa fáànù, ó ní kí ọmọọṣẹ́ rẹ̀ ti fèrèsé, ó tan dísìkì náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó fi ẹnu sikurudiráfà kan ara rẹ̀, ó sì fi ìdí rẹ̀ ti etí, bí dókítà ṣe ń gbọ́ àyà aláìsàn.

Ó ṣàlàyé fún mi pé awo tó wà nínú dísìkì alágbèéká bí irú tèmi sábà máa ń yí nígbà 5,400 láàárín ìṣẹ́jú kan, tí ti kọ̀ǹpútà orí tábìlì sì sábà máa ń jẹ́ 7,200, àti pé orí tó ń kà á kì í kàn án rárá: atẹ́gùn tí yíyí náà ń fà ló gbé e dúró, àlàfo àárín wọn kò sì tó ìwọ̀n hóró eruku kan. Ìró "fììì" tó ń ròkè nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn án kò léwu. Èyí tó ń dún "kọ́, kọ́" jẹ́ ti orí tó ń wá àmì ojú ọ̀nà tí kò rí, tó ń padà síbi ìsinmi rẹ̀, tó tún ń lọ. Bí ó bá ń ké "pí, pí" láì yí, ó ṣeé ṣe kí orí ti lẹ̀ mọ́ awo, tàbí kí mọ́tò ti há. Ṣùgbọ́n bí ó bá dún bí ẹni ń fi ọ̀bẹ ha ìdí ìkòkò, kí a fa wáyà rẹ̀ yọ lójú ẹsẹ̀ ni, nítorí pé ohun tí a kọ sára awo ló ń ha dànù yẹn.

Ohun tó mú mi fọkàn tán an ni pé kò sáré sọ pé dísìkì ti kú. Ó ní iná tí kò tó náà lè mú un dún bẹ́ẹ̀. Ó pààrọ̀ wáyà mi tó ti ń mì lẹ́nu, ó so ó mọ́ ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà orí tábìlì, ìró náà rọlẹ̀, dísìkì sì yọjú. Nínú àkọsílẹ̀ ìlera tí dísìkì ń kọ nípa ara rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní SMART, ó fi hàn mí pé ibi 48 wà lára awo tí kò ṣeé kà mọ́. Kò jẹ́ kí n ṣí fáìlì kan wò. Ó fi ètò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní ddrescue da gbogbo rẹ̀ kọ sórí dísìkì tuntun, nítorí pé ibi tó yá ni ètò náà kọ́kọ́ ń kó, tí yóò sì fi ibi tó le sẹ́yìn. Nínú fáìlì 612, 3 péré ló bàjẹ́.

Aládùúgbò mi kan ti ní kí n gbé e sí fìrísà. Ọ̀gá yìí kọ̀ jálẹ̀, ó ní omi ni yóò sẹ̀ sórí awo náà bí ó bá jáde síta. Nígbà tí mo sì bi í bóyá SSD, irú dísìkì tí kò ní awo, ni kí n rà, ó lè tà á fún mi, ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ: kò sí ohun tó ń yí nínú rẹ̀, nítorí náà kì í dún, ó sì lè kú láìkìlọ̀. Ó ní kí n ra dísìkì méjì, kí ọ̀kan máa gbé ọ̀dọ̀ àbúrò mi.

Ó gba 5,000 náírà fún àyẹ̀wò, ó sì yọ ọ́ nínú owó iṣẹ́. Àléébù wọn ni pé wọn kò kọ nọ́ńbà ìdánimọ̀ dísìkì sórí rìsíìtì, bẹ́ẹ̀ dísìkì oníbàárà pọ̀ lórí tábìlì wọn, ó sì yẹ kí wọ́n tún un ṣe. Ọjọ́ mẹ́rin ni iṣẹ́ náà gbà nítorí iná. Bí ẹ bá ń lọ, ẹ tètè lọ láàárọ̀, kí jẹnẹrétọ̀ àwọn ará ìsàlẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí pé lẹ́yìn aago mẹ́wàá, ó máa ń ṣòro fún un láti gbọ́ ohunkóhun.